Bí wọ́n bá ti kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa pa, ṣé ká san owó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Abẹ́òkúta. Mo sọ fún ọ̀gá wa pé ká múra sílẹ̀ de ransomware, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn olè fi ń ti fáìlì pa, kí wọ́n lè gba owó kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá dé, a ó san owó, wọn á ṣí i." A ní hard disk kan tí à ń kó ẹ̀dà gbogbo fáìlì sí, ara sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tí àwọn yòókù ń ti ara rẹ̀ gba fáìlì, ló sì máa ń wà tọ̀sán-tòru. Ṣé ìyẹn tó?

Ìdáhùn: Kò tó. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ lọ yọ hard disk yẹn kúrò lára sáfà, kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Ransomware máa ń sọ fáìlì di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kà, àfi ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, olè ló sì ni kọ́kọ́rọ́ náà. Gbogbo ibi tí ọwọ́ sáfà yín bá tó ni ọwọ́ tiẹ̀ náà tó. Ẹ̀dà tó so mọ́ ọn á bá a lọ.

Ní ti owó, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ireland fún ọ̀gá yín. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ẹnì kan ní HSE, àjọ tó ń rí sí ìlera níbẹ̀, ṣí fáìlì Excel kan tó bá ímeèlì wá. Àwọn olè wọlé, wọ́n fara pa mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, wọ́n ti fáìlì pa, àwọn dókítà sì padà sí bírò àti pépà. Ìjọba kò san kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, àwọn olè náà fúnra wọn fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó tú gbogbo sáfà tán. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ o, oṣù mẹ́rin ṣì lọ sí i!

Oṣù Karùn-ún yẹn náà ni irú olè bẹ́ẹ̀ kọlu ilé iṣẹ́ Colonial Pipeline, tó ń gbé nǹkan bí ìdajì epo tí wọ́n ń lò ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ náà sì san bitcoin 75, bíi mílíọ̀nù 4.4 dọ́là. Ohun tí àwọn olè fún wọn láti fi tú fáìlì lọ́ra débi pé ẹ̀dà tiwọn ni wọ́n padà lò. Password kan ṣoṣo ni àwọn olè fi wọlé, ti àkáǹtì àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, tí kò sì béèrè kóòdù kejì lẹ́yìn password. Ẹ wá irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, pàápàá ti àwọn tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ pa á rẹ́.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ fa wáyà nẹ́tíwọ́kì yọ, ẹ pa Wi-Fi, ṣùgbọ́n ẹ má pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀rí wà nínú rẹ̀. Bí ewu bá wà fún àwọn tí àkọsílẹ̀ wọn bọ́ sọ́wọ́ olè, òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, fún yín ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí.

Ẹ ra hard disk kejì. Kí ọ̀kan máa wà ní ibòmíràn nígbà gbogbo, láìso mọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹ mú kọ̀ǹpútà tó ṣófo, ẹ fi ẹ̀dà yẹn gbé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn àti èsì lábù dìde, kí ẹ máa wo aago. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ni mo ti rí tí kò ṣí lọ́jọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí wọ akínyẹmí ara. Iye wákàtí tí ó bá gbà yín ni kí ẹ kọ sí ìwé, kí ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá yín, kí ẹ sì bi wọ́n pé ta ni yóò máa tọ́jú aláìsàn ní gbogbo wákàtí yẹn, àti pẹ̀lú kí ni.