Ta Ni Yóò Ka Encoder Náà?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kápẹ́ńtà ni mí ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Èmi àti ọmọ mi tó wà ní FUTA la jọ kan ẹ̀rọ CNC, irú tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí yóò máa bá wa fín òdòdó sára pákó ilẹ̀kùn. Mọ́tò stepper, irú tó ń yí ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, ló ń yí ballscrew, ọ̀pá onísíkúrúù tó ń sún ẹ̀rọ ní mìlímítà 5 ní ìyípo kan. Arduino Uno, kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ní ètò GRBL, ló ń darí wọn, pawà rẹ̀ sì jẹ́ fólítì 24. Lọ́jọ́ tí a dán an wò lórí ìrókò, ìdajì òdòdó jáde bó ṣe yẹ, ìdajì kejì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó fífẹ̀ ìka kan. Wọ́n ní ká ra encoder sí i, ìyẹn ohun tó ń ka bí ẹ̀rọ ṣe rìn tó. Ṣé èyí tó máa ń wà lẹ́yìn mọ́tò ni ká rà, àbí ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n ń tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì?

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, ẹ kú làálàá, ẹ sì kú àdánù pákó ìrókò yẹn. Ẹ má tíì ra ọ̀kankan. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: ta ni yóò ka encoder náà? GRBL orí Uno yín kì í kà á rárá. Ó kàn ń pàṣẹ fún mọ́tò pé kó ṣísẹ̀ ni, kì í bojú wẹ̀yìn wò bóyá ó ṣí i lóòótọ́. Encoder tí ẹ bá so mọ́ ọn, létí adití ni yóò ti máa sọ̀rọ̀. Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí. Mo ra méjì tòkúnbọ̀ ní Alábà, mo dè wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tán, mo wá jókòó tì í, mi ò mọ ibi tí màá ki wáyà wọn bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Stepper tó wọ́pọ̀ máa ń ṣísẹ̀ 200 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Lórí ballscrew yín, ìṣísẹ̀ kan jẹ́ mìlímítà 0.025. Tí ìka yín bá fẹ̀ tó mìlímítà 15, a jẹ́ pé ìṣísẹ̀ 600 ló sọnù, ìyẹn ìyípo mẹ́ta gbáko. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe kékeré tí encoder ń tún ṣe. Yálà mọ́tò dúró nígbà tó yẹ kó máa rìn, tàbí nǹkan ń yọ̀ níbì kan.

Ẹ fi máákà fa ìlà kan ṣoṣo tó gba orí ọ̀pá mọ́tò, tó gba orí coupling tó so ó mọ́ ballscrew, tó sì dé orí ballscrew. Ẹ wá jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bíi ti àná. Tí ìlà náà bá já sí méjì, síkúrúù coupling ló tú, ẹ fún un le. Encoder ẹ̀yìn mọ́tò kò lè rí irú èyí láéláé, torí mọ́tò ń yí ní tirẹ̀.

Bí ìlà kò bá já, mọ́tò ló ń kọsẹ̀. Stepper lágbára bó bá ń rìn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ń sáré, iná kì í ráyè kún inú kọ́ìlì rẹ̀ kó tó tún kan ìṣísẹ̀ tó kàn, agbára á wá lọ sílẹ̀. Fólítì 24 kéré fún irú iṣẹ́ yín. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára driver yín, ìyẹn àpótí tó ń fún mọ́tò ní iná. Irú DM542 gba tó 50, nítorí náà pawà 36 kò ní pa á lára. Nínú GRBL, ẹ dín $120 àti $121, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń yára gbéra, kù sí ìdajì, kí ẹ̀rọ má máa ta gìrì bó bá fẹ́ gbéra. Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Tó bá ṣì ń kọsẹ̀ lẹ́yìn èyí, closed-loop stepper ni mo fẹ́ kí ẹ rà, pẹ̀lú driver rẹ̀. Encoder wà lẹ́yìn mọ́tò, driver fúnra rẹ̀ ló ń kà á, Uno yín á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò yí padà. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ìlà 1000. Ojú méjì, A àti B, ló ń wo àwọn ìlà náà. Ojú tó bá kọ́kọ́ rí ìlà ló ń jẹ́ kó mọ ọ̀nà tí mọ́tò kọrí sí, ìlà kan sì ń mú àmì mẹ́rin jáde, ìyẹn 4000 ní ìyípo kan. Bí mọ́tò bá sẹ́yìn, driver á rọ iná sí i. Bó bá sẹ́yìn jù, á ké alaamu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wáyà alaamu yẹn sílẹ̀ láìso. Ẹ so ó kó lè fa feed hold, àṣẹ pé kí ẹ̀rọ dúró ná, ìyẹn ẹsẹ̀ A1 lórí Uno. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mọ́tò kan á dúró, méjì tó kù á sì máa gé pákó lọ.

Ọ̀pá gíláàsì ńkọ́? Òun ló ń wo tábìlì fúnra rẹ̀, ó dára púpọ̀ fún ẹni tó ń gé irin. Ṣùgbọ́n ẹ máa nílò ohun tó lè kà á, bíi LinuxCNC, ètò orí kọ̀ǹpútà ńlá, pẹ̀lú káàdì Mesa. Tí nọ́ọ̀tì ballscrew bá sì ní àlàfo díẹ̀, tábìlì á máa lọ á máa bọ̀, kò ní rí ibi tó máa dúró sí. Ẹ tún ro ti ìyẹ̀fun pákó. Ìrókò fúnra rẹ̀ ń wú lójò, ó ń sún kì lẹ́ẹ̀rùn. Kí lẹ fẹ́ fi mìlímítà 0.01 ṣe lára ilẹ̀kùn?

Tí spindle yín, mọ́tò tó ń yí ọ̀bẹ ẹ̀rọ, bá ní VFD, àpótí tó ń darí eré rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wáyà rẹ̀ àti ti encoder jọ rìn nínú páìpù kan. Lọ́dọ̀ mi, tábìlì dúró jẹ́ẹ́, nọ́ḿbà ń kà lọ fúnra rẹ̀ kété tí spindle bá ti tan. Mo gbé wáyà jìnnà, mo so aṣọ irin ara rẹ̀ mọ́ earth ní ẹ̀gbẹ́ kan péré, nọ́ḿbà bá dúró. Encoder tó ní A+ àti A− ni kí ẹ béèrè, ó ń fara da irú ariwo iná bẹ́ẹ̀ ju èyí tó ní A nìkan lọ.

Bí iná bá lọ lójijì, irú encoder yìí kì í rántí ibi tó wà, Uno náà á sì gbàgbé. Switch home mẹ́ta, èyí tó ń fi ibi ìbẹ̀rẹ̀ han ẹ̀rọ, ló ń tán ìyẹn, kò sì wọ́n. Bí iná bá dé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ lọ fọwọ́ kàn wọ́n, kí ẹ tó padà sídìí òdòdó yín.