Ṣé Ìlà Bùkà Lè Dá Ọgbẹ́ sí Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí ní Ifẹ̀. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ la ti máa ń wà ní kíláàsì, a ò sì ní ju wákàtí kan lọ kí iṣẹ́ lábù tó bẹ̀rẹ̀ ní aago kan. Kí n tó dé bùkà, ìlà á ti gùn dé ìta. Mo kúkú máa ń fi ebi sínú títí di aago márùn-ún. Orí á máa fọ́ mi, màá lo ibuprofen kan kí n lè jókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ulcer ló ń bọ̀ yẹn. Ìyá kan ń ta àgbo ọgbẹ́ inú nítòsí géètì. Ṣé kí n máa mu ún kí ulcer má bàa mú mi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìlà lo pè ní ìṣòro. Oògùn tí o kàn dárúkọ kọjá bí ẹni pé kò tó nǹkan ló ń bà mí lẹ́rù.

Ebi kì í dá ọgbẹ́ sínú ènìyàn. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń wá ra oògùn, wọn ò sì fẹ́ gbọ́. Bó bá jẹ́ ebi ló ń fà á, mélòó ló máa yè bọ́ nínú àwọn tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáànì lọ́dọọdún? Ata náà kì í fà á. Ní 1982, ní ìlú Perth lórílẹ̀-èdè Australia, dókítà méjì, Robin Warren àti Barry Marshall, rí kòkòrò kan tó ń gbé inú ikùn, Helicobacter pylori. Wọ́n ní òun ló ń dá ọgbẹ́ sínú. Ọ̀pọ̀ dókítà ò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984, Marshall fúnra rẹ̀ gbé omi tó kún fún kòkòrò náà mu. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi ń bì, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ara ikùn rẹ̀ ti wú. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Kòkòrò yìí pọ̀ ní Nàìjíríà, láti kékeré ni ọ̀pọ̀ wa ti kó o, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wa ò ní ní ọgbẹ́ kankan.

Ohun kejì tó ń dá ọgbẹ́ sínú ni oògùn ara-ríro: ibuprofen, diclofenac, piroxicam, aspirin, títí kan àwọn ìyẹ̀fun inú pépà tí wọ́n ń tà lórí àtẹ, tí aspirin wà nínú wọn. Ohun kan tó ń yọ̀ ló bo ikùn nínú, òun ni kì í jẹ́ kí ásíìdì jẹ ẹ́. Oògùn wọ̀nyí máa ń sọ ìbòrí yẹn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn kan á ní àwọn ti jẹ búrẹ́dì sí i. Oúnjẹ lè mú kí inú má ta ọ́, àmọ́ ewu ò tán, torí pé láti inú ẹ̀jẹ̀ náà ni oògùn yìí ti ń ṣiṣẹ́.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ebi ti wá. Ẹni tí ọgbẹ́ ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun rẹ̀, bí ebi bá ń pa á, inú á máa ta á. Bó bá jẹun, á rọlẹ̀. Ọgbẹ́ ti wà níbẹ̀ kí ebi tó dé.

Àgbo ńkọ́? Rárá. Má mu oògùn àìsàn tí ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ ọ́ wò fún. Igò tí kò ní àkọlé, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, èmi tí mo jẹ́ apòògùn ò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ kòkòrò ni, àyẹ̀wò ìgbẹ́ tàbí ti èémí á fi hàn, dókítà á sì kọ oògùn apakòkòrò pọ̀ mọ́ èyí tó ń dín ásíìdì kù, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ́pọ̀ ìgbà. Má lọ dá a rà.

Ó wá ku ìlà. Jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kí o tó jáde láàárọ̀, tíì àti bisikíìtì ò lè gbé ọ dé ọ̀sán. Fi omi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà sínú báàgì. Yan ìyá olóúnjẹ kan ní oníbàárà, gbé abọ́ rẹ fún un láàárọ̀, fi owó ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, kí o kàn yà gbà á lọ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà. Ṣùgbọ́n má gbé ìrẹsì àárọ̀ sínú abọ́ lásán títí di aago kan. Kòkòrò kan wà tí májèlé rẹ̀ kì í kú bí o bá tún un gbóná.

Bí o bá ní ìtọ̀ ṣúgà tí o sì ń gba abẹ́rẹ́ insulin, má fo oúnjẹ rárá láì bá dókítà rẹ sọ̀rọ̀. Bí ìgbẹ́ rẹ bá dúdú bí ọ̀dà, tí o bá bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tí inú ríro ń jí ọ lóru, ilé ìwòsàn ni kí o lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí o sì sọ iye ibuprofen tí o ti lò fún wọn, má fi ìkankan pamọ́.