Owó Tẹ́tẹ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Tún Ilé Ìwé Ṣe: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Kan Láti Houston

ÌBÉÈRÈ: As-salāmu alaykum, Ààfáà wa. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé. Ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu àwọn ènìyàn níbi iṣẹ́ wa, títí dé mọ́sálásí, ni ti òfin tí àwọn kan fẹ́ kí Texas ṣe láti fàyè gba tẹ́tẹ́ lórí eré ìdárayá. Wọ́n ní owó orí rẹ̀ yóò tún ilé ìwé ṣe, àti pé àwọn ènìyàn kúkú ti ń ta á ní kọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e wá síwájú àwa olùdìbò, ṣé mo lè dìbò bẹ́ẹ̀ni, nígbà tí èmi fúnra mi kò níí ta á? Ìkejì, ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 22, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wakọ̀ lọ sí Louisiana, ìpínlẹ̀ ìtòsí wa tí òfin ti gbà á, lópin ọ̀sẹ̀ lọ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó ní ìmọ̀ ni òun ń lò, pé sàhábà Abu Bakr náà sì ta á rí. Ìkẹta, ó fẹ́ fi lára owó tó jẹ ra kápẹ́ẹ̀tì sí mọ́sálásí wa. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀sìn wí?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu s-salām wa rahmatullāhi wa barakātuh. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Alhaji, ẹ ṣé tí ẹ bèèrè kí ìbò náà tó dé. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí mo rí i pé òun ló ń mú ọkàn yín ṣe iyèméjì. Èèyàn rere ni í ro ti ilé ìwé. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́ nínú Súúrà Baqara, āyà (ìyẹn ẹsẹ) 219: “Wọ́n ń bi ọ́ léèrè nípa ọtí àti tẹ́tẹ́. Sọ pé: ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ń bẹ nínú àwọn méjèèjì, àwọn àǹfààní kan sì ń bẹ níbẹ̀ fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wọn tóbi ju àǹfààní wọn lọ.”

Ẹ wò ó dáadáa. Ọlọ́hun kò ní kò sí àǹfààní níbẹ̀. Ó gbà pé ó wà. Àǹfààní wo? Àwọn onítafsīr, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń túmọ̀ Kùránì, ṣàlàyé bí àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan ṣe ń ta tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń pè ní maysir. Wọ́n á ra ràkúnmí, wọ́n á dúńbú rẹ̀, wọ́n á pín ẹran rẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀nà. Wọ́n á kó ọfà mẹ́wàá sínú àpò kan: méje ní ìpín, mẹ́ta kò ní nǹkan kan. Ẹnìkan á wá máa fa ọfà yọ lórúkọ oníkálukú. Àwọn tí ọfà òfìfo bá yọ fún ni yóò san owó ràkúnmí. Àwọn tó jẹ kì í sì í gbé ẹran náà lọ sílé wọn. Àwọn tálákà ni wọ́n ń pín in fún, pàápàá lásìkò òtútù tí oúnjẹ wọ́n, wọ́n á sì máa fi yangàn. Ẹni tí kò bá bá wọn dá sí i, ahun ni wọ́n ń pè é.

Ẹran ràkúnmí yẹn gan-an ni ilé ìwé tí wọ́n ń sọ fún yín ní Texas. Ẹbí pa tálákà, ẹran tẹ́tẹ́ ni yóò fi jẹun, síbẹ̀ Ọlọ́hun ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Nígbà tí Súúrà Mā’ida dé, ní āyà 90 àti 91, Ó pè é ní ẹ̀gbin nínú iṣẹ́ èṣù, Ó ní kí a jìnnà sí i. Mi ò mọ bí Mùsùlùmí ṣe lè ka āyà wọ̀nyí tán kó tún máa fi ẹran ràkúnmí ṣe àwíjàre.

Ẹ tún jẹ́ kí a wo ibi tí owó náà ti ń wá. Ohun tí ìjọba ń bu owó orí lé ni iye tó bá kù sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ lẹ́yìn tó bá ti san ti àwọn tó jẹ. Iye tí àwọn atatẹ́tẹ́ pàdánù nìyẹn. Ní New York, nínú 100 dọ́là tó bá kù bẹ́ẹ̀ lórí tẹ́tẹ́ fóònù, ìjọba ń gba 51. Bí gbogbo ènìyàn bá jẹ lónìí, ilé ìwé kò rí kọ́bọ̀. Kí ilé ìwé tó rí owó, bàbá ọmọ kan gbọ́dọ̀ pàdánù owó oúnjẹ. Bí ìjọba bá ti wọ irú àjọṣe yìí, ó ti di ẹni tó ń fojú sọ́nà kí àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ pàdánù.

Nísinsìnyí, ìbò. Láti ọdún 1992 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti dènà irú tẹ́tẹ́ yìí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn fagi lé òfin náà nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ New Jersey pè, ọ̀rọ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó lé ní 35 ló ti ṣílẹ̀kùn fún un. Texas wà lára àwọn tí kò tíì ṣí i, torí pé ìwé òfin ìpínlẹ̀ yín ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe: ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin ará ìlú dìbò. Ní ọdún 2023, ìbò 101 ló gbè é ní ilé aṣojú, ṣùgbọ́n ilé àwọn sẹ́nétọ̀ kò gbé e yẹ̀ wò. Bí ó bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, Alhaji, ọwọ́ yín gan-an ni kọ́kọ́rọ́ náà yóò wà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé “èmi fúnra mi kò níí ta á” kò tó ìdáhùn. Ọlọ́hun ní ìbẹ̀rẹ̀ Súúrà Mā’ida ní kí a ran ara wa lọ́wọ́ lórí dáadáa àti ìbẹ̀rù Rẹ̀, kí a má ṣe ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ àti ìkọjá ààlà. Ẹni tó bá tẹ “bẹ́ẹ̀ni” ti ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti dá a. Ẹ dìbò “rárá”.

Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kan lè sọ pé nínú ìpalára méjì, kí a mú èyí tó fúyẹ́: bí wọ́n bá kúkú ń ta á ní kọ̀rọ̀, kí òfin mójú tó o. Òtítọ́ ni pé ìlànà yẹn wà nínú fiqh, ìyẹn ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn. Ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ni a ń lò ó, kò sì sí ẹni tó ń fi ipá mú Texas. Ẹ tún wo ọmọ yín fúnra rẹ̀. Bí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wà ní Houston, fóònù á kọ̀, kò níí gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí ó mọ ibi tí wọ́n wà. Wọ́n gbọ́dọ̀ ra epo, kí wọ́n tọ ọ̀nà I-10, kí wọ́n la odò Sabine tó jẹ́ ààlà kọjá, kó tó ṣí. Ìrìn àjò yẹn ni kò jẹ́ kó máa ta á ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Odò yẹn ń ṣọ́ ọmọ yín fún yín. Ọjọ́ tí òfin bá yí padà, inú yàrá rẹ̀ ni Louisiana yóò wà, lórí ìrọ̀rí, ní aago méjì òru. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó ṣe ìwádìí ní àwọn ìpínlẹ̀ tó fàyè gba ti orí fóònù rí i pé gbèsè ń wọ àwọn ènìyàn lọ́rùn sí i, iye àwọn tó ń lọ sí kóòtù láti jẹ́wọ́ pé àwọn ò lè san gbèsè mọ́ sì pọ̀ sí i. Èyí kò jọ ìpalára tó fúyẹ́ lójú mi.

Ẹ má sì ṣe rò pé ìṣòro Amẹ́ríkà nìkan ni. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà níbí dájọ́, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó ti pè láti ọdún 2008, pé agbára láti ṣòfin lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀, wọ́n sì wọ́gi lé òfin lọ́tìrì ti ọdún 2005. Ìbéèrè yín ti di ìbéèrè Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn. Bí òfin bá sì gbà á níbikíbi, kò sọ ọ́ di halāl. Láti ọdún 1920 sí 1933 ni Amẹ́ríkà fi òfin ka títa ọtí léèwọ̀, wọ́n tún gbà á padà. Ní gbogbo ọdún yẹn, ìdájọ́ ọtí fún Mùsùlùmí kò yẹsẹ̀.

Ó ku ti ọmọ yín. Ìmọ̀ tó ní òun ń lò, kí ni ìmọ̀ náà ń ṣe? Agbẹ̀ tó mọ ilẹ̀, iṣu ni ìmọ̀ rẹ̀ ń mú jáde. Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù tó sì fi owó lé e, bọ́ọ̀lù náà kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí nǹkan kan tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Owó ẹni tó pàdánù ló ń jẹ. Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kò sí ẹ̀bùn ìdíje àyàfi lórí ọfà, ràkúnmí tàbí ẹṣin; Abu Dawud àti Tirmidhi, àwọn tó kó ọ̀rọ̀ Ànọ́bì jọ, gbà á wá. Àwọn nǹkan ìgbaradì ogun ni, àwọn tó ń tafà tàbí tó ń gun ẹṣin ni ẹ̀bùn sì wà fún. Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò létí odò Sabine kò sí nínú wọn.

Ti Abu Bakr (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), òótọ́ ni pé ó bá àwọn kèfèrí Mẹ́kà dá irú rẹ̀ nígbà tí Súúrà Rūm sọ̀ kalẹ̀ pé àwọn ará Róòmù yóò padà borí àwọn ará Páṣíà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yín ka ìtàn náà parí. Nínú ìwé Tirmidhi tí ìtàn náà wà, ó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n tó ka irú rẹ̀ léèwọ̀ ni. Àwọn sàhábà kan mu ọtí náà kí èèwọ̀ rẹ̀ tó dé. Ṣé a ó tìtorí ìyẹn mu ún?

Bí ó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù, kí ẹ bi í nípa Jontay Porter, agbábọ́ọ̀lù kan nínú NBA, líìgì bọ́ọ̀lù náà ní Amẹ́ríkà. Nítorí gbèsè tẹ́tẹ́, ọmọ náà ń fi àìsàn bojú kúrò lórí pápá kí àwọn tó fowó lé e pé kò níí ṣe dáadáa lè jẹ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NBA lé e títí ayé, lẹ́yìn náà ó jẹ̀bi ní kóòtù.

Èmi náà ti rí i nítòsí. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbàdàn, télọ̀ kan háyà yàrá iwájú nílé wa. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á gbé rédíò sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, á fi bírò sétí, á tẹ́ ìwé púùlù (ìwé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù) sórí itan, á máa fi èsì bọ́ọ̀lù àwọn Òyìnbó wé ohun tó kọ. Ó máa ń bẹ bàbá mi pé kí wọ́n bá òun wo bánkà, ìyẹn nọ́ńbà tí kò níí yẹ̀. Wọ́n máa ń lé e. (Ìtìjú ló jẹ́ fún mi láti sọ pé àwọn ààfáà kan ń wo nọ́ńbà fún ènìyàn títí dòní. Kí Ọlọ́hun dá wa padà sí ọ̀nà.) Lọ́jọ́ kan ó jẹ. Ó fa àgbò funfun kan wá fún bàbá mi, ó ní kí wọ́n fi ṣe sàráà fún òun. Mo ti so ó mọ́lẹ̀, mo ti já ewé fún un. Bàbá mi bi í pé níbo ló ti rówó. Nígbà tó sọ ọ́, wọ́n ní kí n tú okùn. Mo sunkún. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, a kò gbúròó ẹ̀rọ ìránṣọ ní yàrá iwájú mọ́, ó ti tà á. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ wá sí yàrá ìyá mi, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Èyí tún jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè yín kẹta. Ànọ́bì sọ nínú hadīth tí Imam Muslim gbà wá pé Ọlọ́hun mọ́, kì í sì í gba nǹkan àyàfi èyí tó mọ́. Nígbà tí àwọn Kuraysh fẹ́ tún Ka’ba kọ́ kí iṣẹ́ Ànọ́bì tó bẹ̀rẹ̀, abọ̀rìṣà ni wọ́n, síbẹ̀ ìtàn wọn sọ pé wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé owó àgbèrè, owó èlé àti owó àbòsí kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Owó wọn kò tó, wọ́n fi apá kan sílẹ̀ láìkọ́. Apá náà wà lóde títí dòní, Hijr là ń pè é. Nítorí náà, ẹ má gba kápẹ́ẹ̀tì náà. Kí ọmọ yín ronú pìwà dà, kí ó fún àwọn aláìní ní owó tó jẹ láìretí ẹ̀san lórí rẹ̀, torí pé ṣe ló ń gbé e kúrò lára. Ànọ́bì ní ẹni tó bá sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé “wá ká ta tẹ́tẹ́” kí ó ṣe sàráà. Láti inú owó iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ti ṣe ìyẹn, kódà bí kò ju dọ́là márùn-ún lọ.

Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ bi í ní jẹ́jẹ́ bóyá gbèsè ti wà nílẹ̀, torí àwọn ọ̀dọ́ kì í tètè sọ ìyẹn. Bí ó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kí ó pè mí lẹ́yìn tí ẹ bá kírun Ìṣáì tán lọ́hùn-ún. Òru ni yóò jẹ́ lọ́dọ̀ wa, n ó ti jí.