Èsì: Ṣé ìyàwó òrìṣà lásán ni Durga?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ìyàwó àwọn òrìṣà ọkùnrin lásán ni àwọn òrìṣà obìnrin Híńdù, bíi Durga. Rárá o! Nínú Devi Mahatmya, ìwé mímọ́ Híńdù tó ń yin òrìṣà obìnrin, apá àwọn ọkùnrin kò ká Mahishasura, abàmì tó ń di ẹfọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ ara gbogbo wọn ló pa pọ̀ di Durga. Wọ́n fún un ní ohun ìjà, òun ló sì pa á.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù wà nínú Kena Upanishad, ìwé mímọ́ Híńdù mìíràn. Brahman, ẹni gíga jù lọ tó ju gbogbo òrìṣà lọ, fara hàn, àwọn òrìṣà kò dá a mọ̀. Bí Indra, ọba wọn, ṣe sún mọ́ ọn ni Brahman pòórá. Uma, òrìṣà obìnrin, ló wá sọ ẹni tí Brahman jẹ́ fún Indra.

Lójú àwọn Shakta, ìyẹn àwọn Híńdù tó gbé òrìṣà obìnrin ga jù lọ, òrìṣà obìnrin yìí gan-an ni Ẹlẹ́dàá.