Ṣé kí ọmọ mi lọ ju bọ́ọ̀lù ní Kòríà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 27. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí a kó kúrò n'Íbàdàn wá sí Houston, béésìbọ́ọ̀lù ló sì fi wọ yunifásítì. Ajùbọ́ọ̀lù ni, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó máa fi igi gbá a. Ọdún kẹta rẹ̀ rèé ní Triple-A, líìgì kékeré tó kángun sí Líìgì Ńlá (MLB) Amẹ́ríkà, kò sì tíì fẹsẹ̀ kan Líìgì Ńlá rí. Ẹgbẹ́ kan ní Gúúsù Kòríà ní àwọn á fún un ní 700,000 dọ́là fún ọdún kan, ẹgbẹ́ kan ní Jàpáànù náà sì ń yọjú. Bàbá rẹ̀ ní kó má lọ, pé ẹni tó bá ti kúrò l'Amẹ́ríkà, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn. Gíríìn káàdì ló ṣì ń lò. Kí ni kí a ṣe? Àti pé, ta ni yóò máa se oúnjẹ fún un níbẹ̀? (Ìyá Eléré, Houston)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àdúrótì ọmọ, Ìyá wa. Àdéhùn àwọn eléré béésìbọ́ọ̀lù ni mò ń bá wọn dá, òun ni mo fi ń jẹun, ìbéèrè yín yìí sì ni mo máa ń gbọ́ jù tí ìgbà òtútù bá ti ń sún mọ́lé.

Bàbá ò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń sọ. Nígbà kan, ẹni tó bá lọ sí Éṣíà, ó lọ fi ibẹ̀ parí iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo Merrill Kelly. Ipò ọmọ yín gan-an ló wà: ó wà ní Triple-A, Líìgì Ńlá ò pè é. Ó gba Kòríà lọ ní 2015, ó ju bọ́ọ̀lù fún SK Wyverns fún ọdún 4, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni kó tó kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù ní Líìgì Ńlá fún Arizona ní 2019. Ní 2023, nínú eré kejì World Series, ìdíje àṣekágbá Líìgì Ńlá, inning 7 ló jù nínú 9 tí eré kan ń ní, àmì ayò kan péré ló sì jẹ́ kí wọ́n gbà. Miles Mikolas lo ọdún 3 ní Yomiuri Giants ní Tokyo, ó padà sí Amẹ́ríkà, sí ẹgbẹ́ St. Louis, ní 2018, ó sì jáwé olúborí nínú eré 18 lọ́dún yẹn. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni ti Cody Ponce. Ọdún 3 ló lò ní Jàpáànù láìsí ariwo, ó bọ́ sí Hanwha Eagles ní Kòríà ní 2025, ó jáwé olúborí nínú eré 17, ẹyọ kan ló fìdí rẹmi. Kí ọdún tó parí, ẹgbẹ́ Toronto ní Líìgì Ńlá ti fún un ní 30 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún 3. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Ìyá wa.

Mi ò ní fi àwọn mẹ́ta yìí tàn yín ṣá. Josh Lindblom gba àmì ẹ̀yẹ eléré tó pegedé jù ní Kòríà ní 2019, ẹgbẹ́ Milwaukee gbà á padà sí Líìgì Ńlá, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dá a padà sí líìgì kékeré. Àwọn tí orúkọ wọn ò jáde ló pọ̀ jù: wọ́n lọ ní oṣù Kejì, wọ́n ti wà nílé kí oṣù Keje tó parí.

Ìdí rẹ̀ wà nínú orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n. Suketto ni àwọn ará Jàpáànù ń pe eléré àjèjì, ìyẹn ẹni tó wá ranni lọ́wọ́. Ní Kòríà, àwọn èèyàn a máa pè é ní yongbyeong, ọmọ ogun tí wọ́n fowó háyà. Èmi a máa pè é ní alágbàṣe. Oko kì í ṣe tirẹ̀, iye ebè tó bá kọ lóòjọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Ọmọ onílé lè jù ú bó ṣe wù ú fún oṣù 2 kí wọ́n máa ní sùúrù fún un. Ẹ má retí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yín.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi í nìyí: ṣé òun ló ń bẹ̀rẹ̀ eré ni, àbí òun ló ń wọlé nígbà tí eré ti jìnnà? Ẹgbẹ́ 10 ló wà ní Kòríà, eléré àjèjì 3 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní, gbogbo wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ ajùbọ́ọ̀lù. Nítorí náà, àyè bí 20 ló wà ní gbogbo ilẹ̀ náà, láìka èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ará Éṣíà láti 2026. Abẹ̀rẹ̀, ìyẹn ajùbọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ eré, ni wọ́n ń fi àyè wọ̀nyẹn wá. Eré 6 ni wọ́n ń gbá lọ́sẹ̀, Ọjọ́ Ajé ni ìsinmi. Ẹni tó bá jù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè tún jù lọ́jọ́ Àìkú. Bí apá ọmọ yín bá ti mọ́ra pẹ̀lú inning kan péré lálẹ́, Jàpáànù ni kó kọjú sí. Níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni abẹ̀rẹ̀ ń jù, wọ́n sì máa ń gba àwọn tó ń parí eré, ìyẹn àwọn tó ń wọlé nígbẹ̀yìn kí ẹgbẹ́ tó ń borí má bàa pàdánù: Dennis Sarfate parí eré 54 fún Softbank Hawks ní 2017, kò tíì sí ẹni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí kó tó dé orí rẹ̀.

Ewu ti Jàpáànù ni pé ẹgbẹ́ lè gba àjèjì tó bá wù ú, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ló lè wà lórí bẹ́ǹṣì nínú eré kan. Àwọn tí kò bá ráyè sábà máa ń wà ní ẹgbẹ́ kejì tí wọ́n ń pè ní ni-gun, wọ́n ń gba owó, kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá sì yọ kúrò lókè, ó di ọjọ́ 10 kó tó lè padà. Fún ẹni tó fẹ́ kí Amẹ́ríkà rí òun, àìjù burú ju kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde lọ.

Ó wá ku owó. Òfin Kòríà ni pé àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò gbọdọ̀ ná ẹgbẹ́ ju 1 mílíọ̀nù dọ́là lọ lọ́dún àkọ́kọ́. Inú iye yẹn ni owó ìbuwọ́lùwé, owó oṣù, owó ìwúrí àti owó tí ẹgbẹ́ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà máa gbà kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀ wà. Èyí tí ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà bá bù pọ̀, tọmọ yín ló ń dín kù. Ẹ ní kí éjẹ́ǹtì rẹ̀ sọ fún yín, nínú 700,000 yẹn, èló ló dájú, èló ló wà lábẹ́ “bó bá ṣe báyìí”? Mo ti rí 700,000 tó jẹ́ pé 450,000 ló dájú nínú rẹ̀. Síbẹ̀, Ìyá wa, owó tó kéré jù ní Triple-A lọ́dún 2023 jẹ́ 35,800 dọ́là. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bó bá jẹ́ Jàpáànù, ẹ béèrè bóyá yẹ́ẹ̀nì ni àbí dọ́là: ní 2021 nǹkan bí 110 yẹ́ẹ̀nì ló ń ra dọ́là 1, ní oṣù Keje 2024 ó ti kọjá 160.

Ohun kan wà tí àwọn ọmọ kì í kà nínú àdéhùn Kòríà. Bí ẹgbẹ́ bá ní àwọn tún fẹ́ ẹ lọ́dún kejì, tó sì kọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn fún ọdún 5. Ó lè padà sí Amẹ́ríkà tàbí kó lọ sí Jàpáànù, ṣùgbọ́n kò lè gbá fún ẹgbẹ́ míì ní Kòríà àyàfi tí wọ́n bá tú u sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn yóò tú u sílẹ̀ bí ọdún bá parí. Wọ́n lè kọ̀. Béèrè rẹ̀ náà ni iṣẹ́ éjẹ́ǹtì. Kó má sì gba ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ níbí kí àyẹ̀wò dókítà tó yọrí o. Mo mọ ọmọ kan tí wọ́n rí nǹkan ní ìgúnwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kó ẹrù tán. Kòríà ò gbà á mọ́, Amẹ́ríkà sì ti fi ẹlòmíì sí àyè rẹ̀.

Gíríìn káàdì tí ẹ dárúkọ yẹn ń kọ mí lóminú ju bọ́ọ̀lù lọ. Láti ìparí oṣù Kìíní títí dé oṣù Kẹwàá ni yóò fi wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá kọjá oṣù 6 lẹ́yìn odi ti ń da ìṣirò ọdún tó fi máa di ọmọ ìlú rú, ẹni tó bá kọjá ọdún kan lè bá a pé wọ́n ní ó ti fi ilé sílẹ̀. Ìwé àṣẹ ìpadàwọlé wà, fọ́ọ̀mù I-131 ni, ọdún 2 ló lè lò. Inú Amẹ́ríkà ló gbọdọ̀ wà nígbà tó bá ń fi í sílẹ̀, nítorí náà kí lọ́yà ìwé ìgbélùú ṣe é kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Owó orí Amẹ́ríkà ṣì ń bá a lọ síbẹ̀. Èyí tó bá san fún Kòríà, wọ́n lè yọ ọ́ nínú ti ibí, bó bá tọ́jú rìsíìtì rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹgbẹ́ ń fún wọn jẹ ní pápá, wọ́n ń gba ilé fún wọn, wọ́n sì ń fún wọn ní ògbufọ̀ tó máa bá a wá ọjà dé ibi tí ata wà. Ata kì í ṣe ìṣòro ní Kòríà rárá. Ẹ ṣáà má di kílíṣí sínú báàgì rẹ̀: Kòríà àti Jàpáànù kì í gba ẹran gbígbẹ wọlé, aṣọ́bodè á gbà á ni.