Gómìnà fún ọdún 8, ṣé ó ti tó ààrẹ ṣe?
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín nípa gómìnà àná tó fẹ́ di ààrẹ: òfin ò béèrè tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí, ọdún 35, ẹgbẹ́ òṣèlú, ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba, ó parí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ lọ sórí ìkànnì DMO, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ gbèsè, ẹ wo gbèsè ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ́dún tó wọlé àti lọ́dún tó kúrò. Dọ́là ni kí ẹ fi wo gbèsè òkèèrè o. Bí náírà bá já wálẹ̀, gbèsè tí kò kúrò lójú kan á dà bíi pé ó wú. Kí ẹ wá fi ìnáwó gidi wé ètò ìṣúná. Ibẹ̀ ni àṣírí wà: wọ́n lè kọ ilé ìwòsàn sínú ìwé, kó má sí kọ́bọ̀ tó débẹ̀.