Èènì Báńkì: Ṣé Kí N Gba Káàdì Tó Ń Dá Owó Padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, alàgbà. Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Mo máa ń ra aṣọ ọmọdé àti ohun èlò ilé ìdáná lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi ₦150,000 lóṣù, mo sì ń tà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Báńkì mi ní kí n wá gba kírẹ́díìtì káàdì, èyí tí wọ́n fi ń yá owó báńkì rajà, pé wọ́n á máa dá ₦2 padà fún mi lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan tí mo bá ná. Ọmọ mi tó wà ní Houston ní 5 lórí 100 ni òun ń gbà lọ́hùn-ún. Mo fi ìwé tí báńkì fún mi ránṣẹ́ sí yín. Ṣé kí n gbà á? — Ìyá Títí

Ìdáhùn: Ìyá Títí, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní Ọjà Ọba pe nǹkan yìí: èènì ni. Bí onígààrí bá wọn kọ́ńgò tán, á bu díẹ̀ lé e, inú oníbàárà á sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ là ti wo bí wọ́n ṣe wọn kọ́ńgò náà kó tó dúpẹ́ èènì.

Níbo ni báńkì ti ń rí èènì tirẹ̀? Lára ẹni tó tajà ni. Nígbàkígbà tí ẹ bá fi káàdì sanwó, wọ́n á yọ díẹ̀ nínú owó tó yẹ kó kan ọlọ́jà, àwọn báńkì àti iléeṣẹ́ tó ni káàdì á pín in, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu fún oníbàárà. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń yọ yìí sábà máa ń tó $2 lórí $100, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níhìn-ín, láti ọdún 2019 ni Báńkì Àpapọ̀ ti dín in kù sí kọ́bọ̀ 50 lórí ₦100, kò sì gbọdọ̀ ju ₦1,000 lọ bó ti wù kí ọjà náà tóbi tó. Lórí ₦150,000 tiyín, gbogbo rẹ̀ kò ju ₦750 lọ, kì í sì í ṣe báńkì yín nìkan ló máa jẹ ẹ́. Síbẹ̀, báńkì yín ní òun á fún yín ní ₦3,000. Ta ló máa san ìyókù? Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jókòó sídìí tábìlì ẹ̀yáwó, mi ò rí báńkì tó ń ṣe sàárà. Yálà kí èènì náà dópin lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé èlé ni wọ́n fojú sí.

Ní ti ọmọ yín, kò purọ́. Bó bá jẹ́ káàdì Amazon, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń lò, àwọn tó ń san owó Prime, ìyẹn owó ọmọ ẹgbẹ́ Amazon, ni 5 lórí 100 wà fún, $139 sì ni lọ́dún. Ó gbọ́dọ̀ ra ọjà $2,780 lọ́dọ̀ Amazon kí èènì tó dá owó yẹn padà. Bó bá jẹ́ pé á san Prime tẹ́lẹ̀, ó jèrè. Àmọ́ ẹ má fi òṣùwọ̀n tiwọn wọn tiwa.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́. Lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: èlé ₦4 lórí ₦100 lóṣù. Bí ẹ bá ra ọjà ₦150,000, tí ₦100,000 ṣẹ́kù tí ẹ ò tíì san nígbà tí ọjọ́ bá pé, ₦4,000 ni èlé oṣù kan. Èènì ₦3,000 ti wọlé, ó ti bá ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì tún mú ₦1,000 yín dání.

Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí wọ́n kọ iye tó kéré jù tí ẹ lè san sí. Èmi náà kó sí i rí. Mo fi káàdì báńkì kan ra jẹnẹrétọ̀, mo ń san iye kékeré yẹn lóṣooṣù, mo rò pé mò ń ṣe dáadáa. Èlé ni mò ń san, ojú gbèsè ò kúrò níbi tó wà. Èènì tí mo gbà lórí rẹ̀ ò ra iyán àwo méjì ní Adó. Iye èlé ńkọ́? Mi ò fẹ́ kí ìyàwó mi kà á níbí.

Ẹ má sì rò pé tí ó bá le, ẹ lè kó owó lọ sí báńkì mìíràn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, àwọn báńkì ti láṣẹ láti fa gbèsè tí a kò san nínú àkáǹtì yòówù tó bá so mọ́ BVN ẹni, níbikíbi tó bá wà.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ìbéèrè yín ni ohun tí ẹ ò sọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín yẹn, ṣé owó ọwọ́ ni wọ́n fi ń rà, àbí àwìn dìgbà tí owó oṣù bá wọlé? Bó bá jẹ́ àwìn, ẹ má gba káàdì yìí. Ọjọ́ báńkì kì í dúró de owó oṣù tó bá pẹ́. ATM tí ẹ ń lò ni kí ẹ máa fi rà á, kí ẹ sì wá ẹ̀dínwó lọ́wọ́ ọlọ́jà fúnra rẹ̀. ₦5,000 tí wọ́n bá yọ lára ọjà ju èènì báńkì lọ.

Bó bá jẹ́ owó ọwọ́, ẹ lè gbà á, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n má jẹ́ kí iye tí ẹ lè ná lórí rẹ̀ kọjá ₦150,000. Ẹ ní kí wọ́n máa yọ gbogbo gbèsè náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù lára àkáǹtì yín, kí ọjọ́ náà sì bọ́ sẹ́yìn ọjọ́ tí owó oṣù máa ń wọlé. Ọ̀pọ̀ báńkì máa ń fúnni tó ọjọ́ 45 láìgba èlé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá pa ìwé oṣù dé ni wọ́n fi ń kà á: ẹni tó rajà lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pa ìwé dé ló ń jẹ gbogbo ọjọ́ náà, ẹni tó rà á lọ́jọ́ tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n pa á dé kì í rí tó ìdajì. Ẹ má fi í gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ láé. Ọjọ́ náà gan-an ni èlé ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í fún un ní èènì. Ọjà tí ẹ bá dá padà, wọ́n á gba èènì rẹ̀ padà pẹ̀lú.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ bi òṣìṣẹ́ báńkì náà léèrè oṣù tí èènì yìí máa dópin àti iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè dá padà lóṣù. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ń fà sẹ́yìn, ẹ wọ mọ́tò yín padà sí Ìkẹ́rẹ́.